Iṣẹ́ Abẹ Tí Ohùn-Oyin Pè Ní Ìrìn-Àjò

Kò sí òbí tí kò mọ Ohùn-Oyin. Láràárọ̀ Sátidé ló máa ń jókòó nílé-iṣẹ́ rédíò, tí á máa gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí ọmọ títọ́. Kò sì sí ìmọ̀ràn tó fẹ́ràn ju pé kí wọ́n má purọ́ fún ọmọ. Á ní ọmọ tí a bá fi irọ́ tọ́, irọ́ náà ni yóò fi tọ́jú wa lọ́jọ́ ogbó. Àwọn ìyá á pe fóònù wọlé, wọ́n á máa dúpẹ́. Òun á wúkọ́ díẹ̀, á tún ohùn ṣe. Àṣé abẹ́rẹ́ lọkùnrin náà: ó ń ránṣọ fáyé wọ̀, ìhòòhò lòun alára wà.

Ohùn-Oyin sanra. Kì í ṣe sísanra tí èèyàn lè fi ṣàwàdà mọ́. Orúnkún ń dùn ún, àtẹ̀gùn mẹ́jọ tó wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ti di òkè fún un, tó bá sùn, èémí rẹ̀ á máa há. Dókítà wá ní àwọn á dá ihò kéékèèké sí i níkùn, àwọn á gba ibẹ̀ gé púpọ̀ nínú àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, kó lè máa tètè yó. Ó gbà. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, náà gbà. Ó wá ku bí wọ́n á ṣe sọ ọ́ fáwọn ọmọ méjì: obìnrin ọlọ́dún méje tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí ìbéèrè, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Kékeré, tó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin.

Ìyàwó ní kó pè wọ́n jókòó, kó là á yé wọn. Ọkọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè yé ọmọdé. Ọ̀gbẹ́ni olótìítọ́ bá sọ fáwọn ọmọ pé ìrìn-àjò iṣẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni òun ń lọ. Kékeré ní kó ra bọ́ọ̀lù bọ̀. Ó ní kò burú.

Irọ́ kì í dá rìn. Nígbà tó dé, tó tẹ̀, tó fọwọ́ di ikùn mú, Lọ́yà bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní báàgì tóun gbé ló wúwo. Ọmọ wo ọwọ́ rẹ̀ òfìfo, ó ní báàgì ọ̀hún dà. Ìyá rẹ̀ sáré dá sí i pé inú ló kàn ń run bàbá.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n Ohùn-Oyin obìnrin wá kí i. Kó tó kúrò, ó dúró ti ìyàwó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rojọ́ pé òun ti kìlọ̀, kò gbọ́, pé àjẹjù ló gbé e dé abẹ́ ọ̀bẹ, ni wọ́n fi gé inú rẹ̀ dànù. Kò wo abẹ́ tábìlì, níbi tí Kékeré ti ń ṣa àjákù aṣọ.

Láti ọjọ́ náà ni Kékeré kò ti jẹun mọ́. Wọ́n rò pé ibà ni. Tí wọ́n bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Ohùn-Oyin, tó ń fi ṣíbí kékeré lá omi ọbẹ̀ bí ológbò, ló tún wá ń rọ̀ ọ́ pé ọmọ dáadáa kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọmọ náà á wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn wọ kànga. Lọ́jọ́ kẹta, Lọ́yà bá wọn tú u.

“Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gé inú òun bíi ti yín.”

Ohùn-Oyin rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ó wá ohùn oyin tì, èyí tó jáde ha bí ìyẹ̀pẹ̀.

“Mi ò lọ ìrìn-àjò kankan. Ọsibítù ni mo lọ. Mo purọ́ fún yín.”

“Kí ló dé?” Lọ́yà ló bi í.

Lórí rédíò, ì bá fi wákàtí kan dá ìyẹn lóhùn. “Ẹ̀rù ló bà mí,” ló sọ.

Ó wá sọ fún wọn pé ara òun ni kò dá, pé kì í ṣe ìyà ni dókítà fi jẹ òun, pé kò sẹ́ni tó ń gé inú ọmọ nítorí pé ó jẹun. Oúnjẹ ló ń mú ọmọ dàgbà. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi ojú ọgbẹ́ hàn wọ́n.

“Ṣé ẹ̀rọ màmá ni wọ́n fi rán an?” Kékeré bi í.

Ó ní rárá, tiwọn kéré ju ìyẹn lọ. Lọ́yà fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sọ èyí tí wọ́n gé sí. Ó ní òun ò mọ̀. Ọmọ mi orí pé irú èèyàn wo ni wọ́n á gé inú rẹ̀ tí kò ní bèèrè. Kékeré ní bọ́ọ̀lù òun ńkọ́, ó sì na ọwọ́ sí búrẹ́dì tí wọ́n ti gbé tì í láti àárọ̀. Ìyá wọn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fi etí aṣọ nujú.

Bàbá ní kò ní sí irọ́ nínú ilé yẹn mọ́. Oṣù mẹ́fà kọjá. Ìyàwó ti dín ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Ohùn-Oyin sì ń gun àtẹ̀gùn rédíò láìdúró. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, yà kí wọn. Ó yin Ohùn-Oyin, ó ní oògùn wo ló lò. Ohùn-Oyin wúkọ́ díẹ̀. Ó ní ìrìn àárọ̀ ni, àti omi gbígbóná.

Lọ́yà gbójú sókè nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

“Bàbá, ọsibítù ni. Wọ́n gé inú yín.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá iwájú. Ọ̀gá kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọ, ó bi í bóyá ó dun bàbá rẹ̀. Lọ́yà ní ó dùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ di ìrọ̀rí mú. Ọ̀gá ní ṣé ó ń jẹ ẹran báyìí. Ọmọ ní ó ń jẹ ẹ́, bíńtín.

Ohùn-Oyin tún ohùn ṣe, ó fẹ́ là á yé wọn. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀, ó ní kó jọ̀wọ́, kó jẹ́ kí ẹni tó ń sọ òótọ́ sọ tirẹ̀ tán.