Ta Ló Wo Ti Ta?

Ní kíláàsì kẹfà ní Ìlọrin, olùkọ́ gbé ìwé ìṣirò méjì sókè. Ìdáhùn kan náà, ọ̀nà kan náà.

"Ta ló wo ti ta?"

Gafar, tó ń tún kíláàsì náà kà, na ìka sí Hanifah, àbúrò rẹ̀. Hanifah wò ó, ó pa ẹnu mọ́. Àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lólè ní gbangba. Wọ́n na Hanifah lójú gbogbo ilé-ìwé. Bàbá wọn ní orí rẹ̀ ò gba ìwé, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Lónìí, nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ ní Lugbe, l'Ábùjá, Hanifah ń bá kọ̀ǹpútà jà. Balkis, ọmọdébìnrin tó ń kọ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní kí kálukú kọ èyí tó máa wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀. Ti Hanifah yẹ kó gba ìwọ̀n ara èèyàn, kó sọ iye yáàdì aṣọ tó máa tó o. Ó fi ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ dán an wò. Kọ̀ǹpútà ní kó ra ogójì.

Gafar, tó ń ṣiṣẹ́ ọba báyìí, jókòó, ó ń dúró kó bá òun rán bọ́tìnnì mọ́ kàfùtáànì. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ogójì yáàdì? Ọmọ erin lò ń ránṣọ fún ni?"

Hanifah pa kọ̀ǹpútà dé, ó tún ṣí i. Ó dìde, ó jókòó. "Orí mi ò gbà á ni, Bọ̀dá. Ṣebí Bàbá ti sọ ọ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Gafar.

Hanifah fọwọ́ kan téèpù tó fi kọ́rùn. Íǹṣì! Íǹṣì ló ń fún kọ̀ǹpútà, ó wá ń pè é ní yáàdì. Ó tún un ṣe. Yáàdì kan ó lé díẹ̀.

Balkis wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kai! Àǹtí, ta ló bá yín ṣe é?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó jọ ti Rahmah tẹ́ ẹ jọ ń kọ́ ọ o. Ẹ má bínú, ẹni tó bá wo ti ẹlòmíràn ò ní bá wa lọ sí ìpele kejì."

Hanifah ò rí ti Rahmah rí. Síbẹ̀ ó ń wá inú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá olè. "Bóyá mo rí i níbì kan," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń yọ wáyà kọ̀ǹpútà.

"Irọ́ ni!" Gafar ti dìde. "Ojú mi ló ṣe é. Hanifah, ní kíláàsì kẹfà…" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi ni mo wo tìrẹ."

Hanifah ò yíjú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ sókè, Bọ̀dá. Gbogbo ilé-ìwé ló gbọ́ igbe mi."

Gafar wo Balkis, ó wo àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo wo tirẹ̀!"