Iná Ààrò Sìrákúsì

Ìgbì já wọ inú ọkọ̀, omi sì bọ́ sínú ìkòkò amọ̀ tí Dẹksípò dì mọ́yà. Ó gbọ́ ṣíì. Nígbà tí ó fi ọwọ́ kan ẹyín iná inú rẹ̀, ó tutù bí imú ajá.

Ó da aṣọ bo ìkòkò náà, ó jókòó tì í. Òun ni àgbà tí wọ́n fi iná Sìrákúsì lé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sá fún ọba aninilára tó gba ìlú wọn, láti lọ tẹ òmíràn dó. Ìlú tuntun tí kò bá gba iná láti inú ààrò ìyá ìlú, àgọ́ lásán ni; òrìṣà kankan kò ní bojú wò ó. Nígbà tí Mírò aya rẹ̀ kú lójú omi, ọwọ́ kan ló fi sin ín. Èkejì wà lórí ìkòkò.

"Ẹ wo iwájú!" Kálíà, ọ̀gá atukọ̀, ló kígbe.

Òkè funfun kan na apá sínú òkun, ó sì ká a bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ mọ́ra. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ etí òkun yìí, iyanrìn gbọọrọ nìkan ni wọ́n ń rí, kò síbi tí ọkọ̀ lè sá sí. Bí wọ́n ti yí orí òkè náà po, afẹ́fẹ́ gúúsù dákẹ́, omi tòrò. Wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ankónà, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ lédè wọn.

Àwọn ọkùnrin to òkúta ààrò.

"Bàbá, ó yá, ẹ gbé iná wá," ni Kálíà wí. "Àbí ẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni?"

Iná kú, feérú bojú. Bí òun bá fi òkúta ṣáná níkọ̀kọ̀, ta ni yóò mọ̀? Dẹksípò ṣí aṣọ kúrò.

"Ó ti kú. Ọwọ́ mi ló kú sí."

"Ṣé ká padà lọ bù ú wá ni?" ni ẹnì kan béèrè.

"Padà sọ́dọ̀ ta ni?" ni Kálíà dáhùn. "Orí rẹ ni ọba yóò kọ́kọ́ bẹ́."

Filína, ọmọbìnrin Dẹksípò, jáde láti inú ọkọ̀. Ó mú pòròpórò ewéko kan dání, èéfín tín-ín-rín ń yọ lórí rẹ̀. Èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Iná a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ṣe kí ni?"

"Alẹ́ ọjọ́ tí a ṣíkọ̀ ni wọ́n bu ẹyín kan nínú ìkòkò yín, nígbà tí oorun gbé yín lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹ ẹ̀wà tútù nítorí òrìṣà. Bí pòròpórò kan bá ti fẹ́ jó tán, a ó ràn án mọ́ òmíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, èmi ni mò ń ràn án."

"Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná yẹn dáná oúnjẹ!"

"Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́."

Kálíà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀wà gbígbóná tí ẹ ń jẹ, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń sè é? Oòrùn?"

"Mo rò pé òkúta ìṣáná rẹ ni."

"Èwo? Èyí tó ti bọ́ sómi tipẹ́!"

Dẹksípò kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó gba pòròpórò náà, ó fi tan ààrò.

Oòrùn tó yọ láti inú òkun láàárọ̀ tún ń wọ inú òkun, bí ó ti máa ń rí lórí òkè yẹn, tí òkun wà ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Filína bu ẹ̀wà fún un. Èéfín fẹ́ sí i lójú; òórùn ilé ìdáná Mírò ni. Láti ọjọ́ tí aya rẹ̀ ti kú ló ti ń rò pé inú omi lòun fi í sílẹ̀ sí. Àṣé ó ti bá wọn gúnlẹ̀.

Ó sún díẹ̀ lórí òkúta tí ó jókòó lé, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ̀wà náà tán.