Wọ́n Gbé Ìfẹ́ Lójú Oorun Ìyá Rẹ̀

Ilé tí ọmọ ọdún méjì bá wà kì í pa lọ́lọ́, àfi tí ọmọ náà bá ń ba nǹkan jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí Waliyat tó la ojú tán lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló ti ń pe ọmọ rẹ̀, tó ń bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn.

Ìfẹ́ ò dáhùn. Rewájú, ìkókó ọlọ́sẹ̀ márùn-ún, ń sùn ní tiẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣe mùkẹ́mùkẹ́ bíi pé ọyàn ṣì wà níbẹ̀. Waliyat fọwọ́ ti ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilé ìdáná níbi tí ọmọ náà ti da gàrí nù láàárọ̀. Kò sí Ìfẹ́. Bàtà pupa rẹ̀ ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí i pé báàgì aṣọ ọmọ náà ò sí lórí ìṣó tí wọ́n ń gbé e kọ́ sí, ó jáde sí ojúde.

Àdùní, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde ilé náà ní Ajara, ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní Àǹtí Dosi, ẹ̀gbọ́n Mákánjú ọkọ Waliyat, gun ọ̀kadà wá ní nǹkan bí aago méjìlá, ó yọ́ wọlé, ó sì gbé Ìfẹ́ jáde tòun ti báàgì. Ó ní òun bi í bóyá Ìyá Ìfẹ́ mọ̀ sí i, obìnrin náà sì ní òun àti Mákánjú ti jọ sọ ọ́, pé kí òun má jí abiyamọ, kó lè rí oorun sùn.

Waliyat pe ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Mákánjú tó gbé fóònù. Irun ló ń gẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní Imeke, ẹ̀rọ ìgẹrun ń dún yùùù lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá òun ni ọmọ wà ní Iworo, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó tún ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo sunkún láàárọ̀ àná pé apá ẹ ò ká àwọn méjèèjì mọ́?"

Òótọ́ ni, ó sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Rewájú dé ni Ìfẹ́ ti yí padà. Ọyàn tí wọ́n ti já lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó tún ń fà á. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí póò, ṣùgbọ́n àárín ẹní ló wá ń tọ̀ sí báyìí, á sì máa wo ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe ń tọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gé ìkókó jẹ lẹ́sẹ̀ títí ojú eyín fi hàn lára rẹ̀. Ìgbà tí ó tún wá da pọ́dà sí ọmọ náà lójú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Waliyat jókòó sílẹ̀, tó bú sẹ́kún, tó sì bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó máa tètè ti ṣọ́ọ̀bù, kó máa wá gba Ìfẹ́ lọ́wọ́ òun, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré. Mákánjú ní òun ti gbọ́. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyí. Ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀ ní kí wọ́n wá bá òun gbé apá kan, wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà sá lọ, wọ́n sì tún ń retí ọpẹ́.

Ohun tó wá jẹ́ kí ìbínú náà gbóná jù ni pé Mákánjú mọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Waliyat nígbà tí ìyá rẹ̀ bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ní kó lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìpókíá, kí ìyá rẹ̀ lè sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó padà wálé. Lọ́jọ́ tó dé, "Ẹ káàsán mà" ló kí ìyá tó bí i, bí ẹni ń kí oníbàárà, ìyá náà sì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lù ú ní Ìpókíá, kò sí ẹni tó febi pa á, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn lóye rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Mákánjú nìkan ló lóye rẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ra ló ti sọ ọ́ fún un, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tiwọn.

"Bàbá Ìfẹ́," ó ní, "mò ń lọ gbé ọmọ mi."

Mákánjú ń sọ̀rọ̀ lọ nípa ojú iṣẹ́ abẹ tí kò tíì san tán. Waliyat pa fóònù.

Ó pọn Rewájú, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé oríta, ibẹ̀ ló ti gba ọ̀kadà. Ọ̀nà Iworo ò dára. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ló ń dáhùn. Ọlọ́kadà náà bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kí òun dúró díẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ lẹ́nu, ó ń tò ó, ó ń tú u, kò rí èyí tó le tó nínú wọn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn, ó ń la àgbọn tí yóò fi ṣe epo, Àǹtí Dosi jókòó sórí àpótí, ó ń rin ín. Ìfẹ́ wà láàárín wọn lórí ẹní, ó wọ pátá nìkan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di awẹ́ àgbọn kan mú, ó ń fi eyín họ ọ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò sunkún rárá.

"Ìfẹ́," Waliyat pè é.

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo orí ìkókó tó yọ léjìká rẹ̀. Ó kọjú padà, ó sì fi ojú pamọ́ sí orúnkún ìyá àgbà.

Ó dà bí ìgbà tí ata ta sí Waliyat lójú. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tíì pé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí wọ́n tọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúnkún nìkan ló kúnlẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lóòró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo wá gbé ọmọ mi ni."

Àǹtí Dosi ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní òun ò lọ sọ́jà lónìí torí tirẹ̀, òun fi owó ara òun wọ ọ̀kadà, òun ò mọ̀ pé ẹni tó ń sunkún pé òun ò rí oorun sùn tún lè sùn tán kó máa bínú. Ó béèrè bóyá ìkà ni wọ́n ṣe é.

"Àǹtí mi," Waliyat ní, "ẹ wọ yàrá mi, ẹ bá mi lójú oorun, ẹ gbé ọmọ mi, ẹ ò jí mi. Báyìí náà ni olè ṣe ń ṣe."

Àǹtí Dosi dìde. Ìyá àgbà gbé àdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ kan, ọmọ rẹ̀ sì jókòó padà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń dún bí Ègùn, èdè abínibí rẹ̀, bó bá ti ń sọ ọ́ láìkánjú.

"Mákánjú ní ìwọ lo bẹ òun," ó ní. "Ó ní o ní kí n bá ọ mú un títí ọmọ kékeré yóò fi jókòó."

"Èmi, Màmá?"

"Ìwọ."

Waliyat ṣírò rẹ̀. Kí Rewájú tó lè jókòó, ó di bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sọ fún òun. Ìbínú tó ti gbé ti Ajara wá, tó ti fẹ́ tú u sí àwọn obìnrin méjì yìí lórí, ṣe ni ó yí ojú padà, ó ń wá ẹni tó ni ín.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ohun tí mo sọ ni pé kó wá bá mi mójú tó ọmọ rẹ̀."

Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Ó wo ọwọ́ tó fi gbá ikùn mú. Ó ní kí Dosi gbé àpótí yẹn fún un kó jókòó, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó pe Mákánjú. Ègùn tí Waliyat gbọ́ kò ju ti ìkíni àti ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí ìyá fi ń bú ọmọ rẹ̀ tí ẹni tó wà nítòsí kì í gbọ́. Nígbà tí ó pa fóònù, ó yíjú sí Waliyat, ó ní ọ̀rọ̀ Mákánjú yàtọ̀, ṣùgbọ́n Dosi kì í ṣe olè. Waliyat bẹ Àǹtí Dosi nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò bẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó wá gbé ọmọ rẹ̀.

Aago mẹ́rin ti lù kí Mákánjú tó dé, irun oníbàárà ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bọ̀, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń fi wá ojú rere. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sọ ọ́ nílé, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

"Mákánjú," Waliyat ní, "o parọ́ mọ́ mi."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí, kò sì fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀rín náà bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"O mọ ibi tí wọ́n gbé mi lọ. O mọ iye ọdún tí mo lò níbẹ̀. O sì wá rán wọn kí wọ́n gbé ọmọ mi lójú oorun."

Mákánjú ní kí ni kí òun ṣe. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn oníbàárà máa ń wá, pé bí òun bá ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu àsìkò yẹn, kí ni wọn yóò jẹ. Ó ní ìyá òun náà ló tọ́ òun, òun ò sì kú. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo ìyá rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀. Ìyá àgbà gbé àgbọn mìíràn, ó là á.

"Láti ọ̀la lọ," Waliyat ní, "aago márùn-ún, o ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ lo máa wẹ̀ fún un, ìwọ lo máa fún un lóúnjẹ, ìwọ lo máa gbé e sùn. Bí o ò bá lè ṣe é, n ó kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sílé bàbá mi, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀sẹ̀ méjì ni."

Mákánjú ní òun gbọ́. Waliyat ní gbígbọ́ kọ́ ni òun ń bá a sọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìfẹ́ kọ̀, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé òun. Ọrùn bàbá rẹ̀ ló dì mọ́ títí wọ́n fi dé Ajara, Waliyat sì ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ níwájú lórí ọ̀kadà kejì jálẹ̀ ọ̀nà.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Mákánjú ń dé láago márùn-ún. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọṣẹ ń wọ ọmọ lójú, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ lódìlódì, ẹ̀kọ tó ń rò fún un máa ń ní kókó. Waliyat ń gbọ́ igbe láti yàrá, kò dìde. Lọ́jọ́ kẹwàá, aago méje kọjá kó tó wọlé, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé kan ló dé lójijì. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó ní iná ọba dé, òun fẹ́ lò ó.

Lọ́jọ́ kejìlá, nígbà tí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Waliyat ò pe fóònù ẹnikẹ́ni. Ó fi ìkókó sílẹ̀ fún Àdùní, ó gbé Ìfẹ́ lọ sí Imeke. Ṣọ́ọ̀bù kún. Alága àwọn onílé àdúgbò náà ló wà lórí àga, apá kan orí rẹ̀ ti dán, irun ṣì wà lápá kejì. Waliyat kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé Ìfẹ́ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ tí kò fi di ẹ̀rọ mú, ó ní aago márùn-ún ti lù, ó sì jáde.

Wọ́n ní ọkùnrin náà gẹ irun yòókù pẹ̀lú ọmọ ní ìbàdí, pé Ìfẹ́ ń na ọwọ́ sí orí Alága ní gbogbo ìgbà, àti pé nígbà tí wọn yóò fi ṣe tán, ojú ìgẹrun náà ti wọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Imeke. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà kan sì pe Mákánjú, wọ́n ní obìnrin yẹn ti ga jù fún un. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Waliyat náà ò wá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹtàlá, aago márùn-ún kì í bá a ní Imeke mọ́.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láràárọ̀ Sátidé, á mú epo àgbọn dání, á jókòó ti àwọn ọmọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àǹtí Dosi ò wá. Ìfẹ́ ò tíì fi gígé jẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gé Rewájú jẹ báyìí, bàbá rẹ̀ ló ń sáré pè.

Nígbà tó di oṣù kejì, Mákánjú jókòó lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìfẹ́ ń fi ìyàrun ya irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì bi ìyàwó rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo ni ìbínú yìí yóò tán.

Waliyat ń fún ìkókó lọ́yàn. Ó rò ó dáadáa, torí kò fẹ́ purọ́ fún un.

"Mi ò tíì mọ̀," ó ní. "Bá mi wo Ìfẹ́, ó fẹ́ tọ̀."