Ìwé Tí Wàhábì Gbà

Ọjọ́ tí Wàhábì dé ilé iná mànàmáná Kútọnu, Mùsé Lambert, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ ní yunifásítì nílẹ̀ Faransé ni? Iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ló lọ kọ́. Ó kù kí ó lo oṣù mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ, kí ọ̀gá sì fọwọ́ síwèé pé ó ṣe é. Láìsí ìwé yẹn, kò sí oyè. Ó gbálẹ̀ náà.

Bàbá Adéníjì nìkan ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ará Kétu ni, àgbà òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rọ bí ìyá ti ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Yóò fi ìdí ọ̀pá igi kan ti ara irin, yóò sì fi orí rẹ̀ sétí.

"Wá gbọ́ ọ," ló wí lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta. "Ẹ̀rọ kejì yìí ń kérora."

Wàhábì fetí sí i, ó gbọ́ bí irin ti ń họ irin nínú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e tọ Mùsé lọ.

Mùsé bú sẹ́rìn-ín. "Igi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ó fa ìwé náà ya.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ kejì fi fọ́ lọ́sàn-án gangan. Iná kú láti etí òkun títí dé ojú ọjà. Mùsé kan náà pe Wàhábì sí ọ́fíìsì: kí ó kọ ọ́ pé Adéníjì kò fún ẹ̀rọ lépo, òun yóò sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ojú kò tilẹ̀ tì í!

"N kò ní í kọ irọ́," ni Wàhábì wí, ó sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé gbé ìwé ẹ̀rí fún un, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Wàhábì rò pé ojú ló ti òyìnbó. Àfi bó ṣe rí ìwé mìíràn lórí tábìlì akọ̀wé: Adéníjì jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé òun gbàgbé epo, ó sì tẹ̀ka sí i. Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ó sáré bá bàbá nídìí ẹ̀rọ, níbi tó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, wọ́n tàn yín! Ohun tí ẹ tẹ̀ka sí—"

"Wọ́n kà á fún mi. Ṣé o rò pé mò ń sùn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ni? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fetí sí ẹ̀rọ wọn, wọn kò fetí sí mi lọ́jọ́ kan. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ni mo ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé rẹ kí n tó tẹ̀ka. Gbà á, ọmọ mi. Kí o wá jókòó sórí àga ọ̀gá yẹn lọ́la."

Inú bí Wàhábì sí òyìnbó, ó bí i sí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bí i sí bàbá pàápàá. Bí ó bá fà á ya, oore àgbà dòfo. Bí ó bá pa á mọ́, irọ́ ló pa mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo ti ta sí, kí ó lè dúpẹ́ bí ọmọ ti ń ṣe, ṣùgbọ́n inú ń bí i débi pé kò lè lanu, kò sì lè dìde.