Ọmọ Wa Ṣì Kéré

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Ọdún 1994 ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Nùrẹ́nì, ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, ò fi yọjú sílé wa ní Ìkòtún. Kò kọ lẹ́tà, kò ránṣẹ́. Alàájì kan ní Ìgàndò wá ń bèèrè mi. Ìyàwó kan ti wà nílé ẹ̀, èmi ni kí n ṣe ìkejì. Bàbá mi ti di olóògbé, màámi ló ń gbọ́ tẹnu àwọn tó bá wá. Wọn ò fipá mú mi o. Wọ́n kàn ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í fọwọ́ lẹ́rán máa wo ojú ọ̀nà, kí n fún Alàájì lésì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.

Káfíńtà ni Nùrẹ́nì, ní Dòpémú. Ó ti wá fojú han màámi rí, lọ́jọ́ Àìkú kan, òun nìkan, nínú bùbá funfun tó lọ̀ dáadáa. Mo sáré jáde lọ ra mínírà fún un. Kí n tó dé, ó ti lọ. Mo bi màámi pé kí ni wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n ń sọ náà ni." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, mi ò rí i. Ṣé kí n wá a lọ ni? Èmi Hàbíbátù, kí n máa wá ọkùnrin kiri Dòpémú? Ká má rí i. Mo fajú ro níta, mo ń lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Alàmísì, tó ku ọ̀la kí n fún Alàájì lésì, Kẹ́mi tó ń gbé yàrá kejì yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ìfẹ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń sọ. Èmi àti màámi lọ bá a wò ó, màámi gbé àtẹ ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà dání. Nínú fíìmù náà, mẹkáníìkì kan lọ bá bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ràn. Bàbá náà ní, "Ọmọ wa ṣì kéré, kò tíì tó ilé ọkọ lọ." Ni ọmọkùnrin bá dìde, ó bá tiẹ̀ lọ, kò padà wá mọ́. Ọmọbìnrin dúró lójú fèrèsé, ó ń retí. Èmi gan-an ni mò ń wò yẹn.

Kẹ́mi ti ń nu omijé. Màámi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí òmùgọ̀. Wọ́n ní kó padà wá ni, ó wá lọ pátápátá. Ta ló ń tọrọ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹni tó bá fẹ́ á padà, á mú àgbà dání. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Nùrẹ́nì ẹ, mi ò rí i mọ́. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ dénú."

"Màámi, ẹ sọ kí ni fún un?"

"Mo ní ọmọ wa ṣì kéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi sọ ọ́ fún bàbá ẹ."

"Màámi, Nùrẹ́nì ò ní bàbá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn òbí ẹ̀ kú. Ta ló máa kọ́ ọ?"

Màámi dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Ibẹ̀ niná ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì há sínú fídíò, Kẹ́mi ń lọgun. Mi ò mọ bí fíìmù yẹn ṣe parí títí dòní. Sílípáàsì ilé ni mo wọ̀ dé Dòpémú.

Mo bá a níbi tó ti ń fá ilẹ̀kùn kan. Kò wò mí lójú. "Ṣé o wá sọ fún mi pé o ń lọ sílé ọkọ ni?"

"Kí ni màámi sọ fún ẹ?"

"Wọ́n ní o ṣì kéré. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó yé mi, jàre. Wọn ò fẹ́ káfíńtà tí kò léèyàn."

Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Mo ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ìdílé kì í jẹ́ hẹn-ẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má bàa rò pé ọmọ ti sú wọn. Ọ̀gá ẹ̀, Bàbá Jàfárù, tó ń gbọ́ wa látẹ̀yìn, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó.

"Nítorí ìyẹn lo ṣe ń gé pákó mi ní ìgékúgèé látoṣù mẹ́ta? O ò dẹ̀ bi mí?"

"Ojú ń tì mí, Bàbá," Nùrẹ́nì ní.

Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀, màámi fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí Alàájì pé kó má bínú. Lẹ́yìn ìrun, Nùrẹ́nì àti Bàbá Jàfárù dé. Màámi jókòó ṣánṣán bíi pé wọn ò rí i rí. Wọ́n gbọ́rọ̀ tán, wọ́n ní, "A gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ṣì kéré."

Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ti ra mínírà sílẹ̀ látàná. Ẹsẹ̀ Nùrẹ́nì ni mò ń wò, bóyá á tún dìde. Kò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Mo gbọ́, mà," ó ní. "Màá jókòó síbí títí á fi dàgbà."

Màámi fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín já mọ́ wọn lẹ́nu. Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbé mínírà tí kò dúró mu lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde fún un.