Ọkọ̀ Búlúù Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Ya

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sinmi. Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe ti akọni, kò sì sí ọ̀tá kankan nínú rẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, àti ti bàbá rẹ̀, àti ti ọkọ̀ búlúù kan tó rẹwà ju bó ti lágbára lọ. Bí ẹ bá yá mi létí yín, n ó sọ ọ́ tán, n kò ní gé e kù.

Noreen Vandermark ni orúkọ obìnrin náà. Ọkọ̀ tí ń kó ọmọ ilé-ìwé ló ń wà ní ìlú kékeré kan létí Adágún Seneca ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ gàgàrà aláwọ̀ ìyeyè tí ń dúró ní gbogbo ẹnu ọ̀nà bí ìyá àgbà tí ń kí ará àdúgbò. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ara rẹ̀ máa yún un fún eré. Nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ra ọkọ̀ eré kan tí ẹlòmíràn ti lò. Ìjókòó méjì péré ló ní. Òrùlé aṣọ ló bò ó, èyí tí a lè ká sẹ́yìn. Imú rẹ̀ gùn bí imú ajá ọdẹ, ó sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ fi lè na ọwọ́ kan ọ̀dà títì.

Kò sẹ́ni tó tàn án jẹ. Gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yẹn ló mọ àléébù rẹ̀, bí ará ilé ti í mọ̀ pé bàbá àwọn ń hanrun. Lábẹ́ búùtù, níbi tí àpótí jíà ẹ̀yìn rọ̀ mọ́, páànù ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Iná ni wọ́n fi gán an mọ́ra ní kókó kókó, bí aránṣọ ti í gán ìṣẹ́tí aṣọ. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá tẹ iná kí ọkọ̀ lè sáré, àpótí náà á fa páànù. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, á tì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ́dọọdún, títí kókó kan yóò fi já, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ìgbà yẹn ni iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín á wá rí ọ̀nà wọlé, á sì máa jẹ irin náà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bí ó bá sì ya tán lórí eré, táyà ẹ̀yìn á máa gba ibi tó wù ú lọ, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á kàn di èrò ọkọ̀ ni.

Ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Àwọn tó ní ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì bínú sí i. Ìkíni tiwọn gan-an yàtọ̀: kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìdí ńkọ́?” Inú abà Rudy Pruitt ni wọ́n ti ń pàdé. Rudy yìí ń jó irin, ó ní ọkọ̀ eré aláwọ̀ ewé tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju iná tó fi ń jó irin lọ. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, àti nígbà tí ewé bá ń pọ́n, wọ́n á gbé àwọn ọkọ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, wọ́n á sì fi òòlù kékeré lu páànù náà kiri, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń fi ìka lu ìkòkò kó tó rà á. Èyí tó ṣì dì mọ́ra á dún kaan. Èyí tó ti ya á dún pẹ̀ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú abà yẹn: ẹnìkan kì í lu ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò lù ú. Ẹni tó ni ọkọ̀ á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á máa mu kọfí rẹ̀. Wọ́n ní etí ẹni tó ni ọkọ̀ kì í gbọ́ ju ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ lọ. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bàbá Noreen, Clifford, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà onísùúrù ni, kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń kú lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ni òkùnkùn ti ń bọ̀ wá sí àárín, tó fi jẹ́ pé lọ́dún tí mo ń sọ yìí, bí ẹni tí ń wòde láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń wo ayé. Dókítà kò fi pamọ́ fún wọn pé ìgbà ìwọ́wé ọdún tó ń bọ̀ lè má bá ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Bàbá gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀, ó sọ fún Noreen pé bí kò bá ni í lára, òun á fẹ́ kí ó fi ọkọ̀ búlúù náà gbé òun yí adágún ká nígbà tí ewé bá pọ́n tán, kí òrùlé wà ní ṣíṣí, kí òun lè rí ojú ọ̀run pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó béèrè kò ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà ni Noreen ti ń lá àlá pé òun ń wakọ̀ gba orí adágún kọjá, tí omi gbé òun ró bí ọ̀dà.

Ewé pọ́n. Òkè tó yí adágún ká dà bí ẹni da aṣọ òfì pupa bò wọ́n. Rédíò ní ìjì ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìjì kì í sì í bẹ ewé kó tó já a. Bẹ́ẹ̀ ni Rudy sì lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ní Ohio, ilẹ̀kùn abà wà ní títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Noreen. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ọkọ̀ náà, dùgbẹ̀ kan báyìí bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé jáàkì inú búùtù ni. Ó sì mọ̀ pé bí Rudy bá lù ú tó dún pẹ̀ẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní kúrò lórí òpó tí wọ́n gbé e lé mọ́ títí yìnyín á fi rọ̀ tí á sì yọ́, nítorí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa tú kí iná ìjórin tó lè dé ibi tó ya. Nígbà yẹn, ta ni yóò wá fi ewé han bàbá rẹ̀?

Ó mú òòlù, ó wọ ilé ọkọ̀ rẹ̀, ó lu páànù náà fúnra rẹ̀. Ó rọra ń lù ú, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí. Eteetí ló lù. Kò dé àárín. Kaan ló gbọ́. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà, ó sì lọ sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ṣì wà lójú omi nígbà tí wọ́n jáde. Ó fi kúbùsù wé bàbá lẹ́sẹ̀, ó fi fìlà òwú dé e lórí, ó gbé dónọ́ọ̀tì gbígbóná tí wọ́n rà lẹ́nu ọ̀nà oko ápù lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ẹni ń tú òwú. Igi ń kọjá lókè wọn, pupa tẹ̀ lé ìyeyè, ìyeyè tẹ̀ lé pupa. Bí ewé kan bá já bọ́ sínú ọkọ̀, bàbá á mú un, á gbé e wá síwájú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á wò ó láti orí dé ìdí, á sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbà á. Ó ń yí orí bí ẹyẹ, ó ń kó ayé jọ díẹ̀ díẹ̀. Noreen fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ilẹ̀ ni àwọn wà.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan ni nǹkan ti dún: dùgbẹ̀.

“Noreen.”

“Bàbá.”

“Kí ló ń lù mí nídìí?”

“Jáàkì ni, Bàbá. Ó ń yí kiri nínú búùtù.”

Bàbá jẹ dónọ́ọ̀tì rẹ̀. Wọ́n gun òkè mìíràn, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀. Ó tún dún, ìdí ọkọ̀ náà sì ṣe bí ẹni fẹ́ yà sọ́tọ̀ kó tó padà sí àyè rẹ̀.

“Jáàkì tó mọ ìgbà tó o gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná,” ni bàbá wí. “Jáàkì yẹn gbọ́n jù ẹ́ lọ. Ta ló lu ọkọ̀ yìí?”

Noreen yí jíà.

“Mo ní ta ló lù ú?”

“Èmi ni.”

“Pa á síbẹ̀ yẹn.”

Noreen bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó kù díẹ̀ kí àwọn dé orí òkè tí wọ́n ti ń rí gbogbo adágún, pé òun á rọra, pé ìjì ń bọ̀ lọ́la, àti pé òun ò mọ ohun tí òun á tún fi ṣe é fún un.

“Ojú mi ló ń lọ,” ni bàbá wí, “orí mi ò tíì lọ. Ewé ni mo fẹ́ wò. Mi ò ní kí ewé wá bò mí.”

Noreen yà sí ẹnu ọ̀nà oko àjàrà kan, ó pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù tó sì fi ọwọ́ ti àárín páànù náà, ó rí koríko ilẹ̀ láti ojú ibi tó ya. Ìka rẹ̀ wọ ibẹ̀ láìfarapa. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń sunkún sí. Ìgbà tó pa dà dìde, ó pe Rudy lórí fóònù, Rudy sì ní òun ti dé láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Rudy wá pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá rẹ̀ àti pẹpẹ onítáyà tó fi ń gbé ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo búùtù, ó kùn díẹ̀.

“Etí lo lù,” ló wí. “O ò lu àárín. Mo mọ̀ ẹ́, Noreen.”

“Bú mi, kó tán.”

“Kì í ṣe lónìí. Sátidé ni màá bú ẹ, níwájú gbogbo wọn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ ká fà á gòkè.”

Bàbá kò mira. Ó tún kúbùsù ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n máa fà á.

Rudy ṣàlàyé títí. Ó ní òfin kò gbà kí ènìyàn wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀, pé bí ọlọ́pàá bá rí àwọn, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Bàbá ní kó fi ọlọ́pàá kan han òun nínú oko àjàrà. Ọ̀nà ibẹ̀ gba góńgó òkè lọ, àwọn tí ń ká àjàrà ló ń gbà á, Rudy sì mọ olóko náà dáadáa. Rudy họ orí. Ó wo Noreen, ó wo ojú bàbá. Ó fa ọkọ̀ náà gòkè tòun ti bàbá nínú rẹ̀, ó so táyà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó tún un so, ó sì ní kí Noreen wọlé síbi ìtọ́kọ̀.

Ẹ ò rí i bí ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ jù láyé ṣe wá ga ju gbogbo àjàrà lọ. Rudy ń wà á bí ẹni gbé ẹyin. Noreen di ìtọ́kọ̀ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tó ń tọ́ ọ sí. Ẹ́ńjìnnì wọn kò dún, ìdí ọkọ̀ kò dún, àjàrà nìkan ló ń fi ewé rẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ náà. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí góńgó òkè, adágún ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òkè pupa dorí kodò sínú rẹ̀, kùrukùru tó ṣẹ́kù sì ń gòkè bí èémí. Noreen na ọwọ́, ó fẹ́ sọ pé kí bàbá wo ọ̀tún.

“Má sọ fún mi,” ni bàbá wí. “Jẹ́ n rí i fúnra mi.”

Ó rí i. Ó pẹ́ kó tó rí i tán, nítorí ihò kọ́kọ́rọ́ kì í gba adágún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà oko ti fẹ́ bọ́ sójú títì, Rudy dúró, ó wá ṣí ilẹ̀kùn fún bàbá kó lè bọ́ sílẹ̀. Bàbá bi í léèrè bóyá àyè wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ lè gbà yí padà. Rudy ní ó wà, fún àwọn katakata tí ń kó àjàrà.

“Ó dáa,” ni bàbá wí. “Apá adágún ni mo wò ní bíbọ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ wò báyìí.”

Wọ́n yí padà. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n òkè ló bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bàbá báyìí, igi rẹ̀ sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń na ọwọ́ kàn án.

Rudy Pruitt fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, bó ti jókòó lórí àpótí irin nínú abà rẹ̀. Ó ní inú dígí ọkọ̀ ńlá òun ni òun ti ń wò wọ́n lọ, bàbá àti ọmọ nínú ọkọ̀ búlúù tí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń lọ lókè àjàrà bí ẹni tí ń fò, àti pé òun kò rántí iye ìgbà tí òun tún yí padà kí òòrùn tó wọ̀. Bó ti sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.