Òkúta Iyọ̀

Ìdì irun kan bọ́ mọ́ òòyà lọ́wọ́ Adájọ́. Ó tún yà á. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, ó gùn, ó dúdú, ó ń dán bí irun ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Abo ẹṣin náà kò janpata. Ẹsẹ̀ iwájú kan ló gbé sókè, tó sì rọra gbé e padà sílẹ̀ bí ẹni tó dúró lórí ẹyin iná.

Adájọ́ ti fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu ìdájọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ Onígọ̀gọ̀ làwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí irun ọrùn ẹṣin yìí. Ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè. Ọ̀túnla ni ìdíje ẹwà ẹṣin. Ó ti fi àyè sílẹ̀ ní pálọ̀ fún ife ẹ̀yẹ.

Ó kó irun náà sápò. Ó ti pẹ́ jù, ìyàwó rẹ̀ ti rí i.

“Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń kó pamọ́ yẹn?”

“Kò sí nǹkan.”

“Kò sí nǹkan ló nírun báyìí?” Ìyàwó rẹ̀ fara ti ilẹ̀kùn. “Látìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ ò bá mi yarun rí. Èyí tẹ́ ẹ wá ń bá yà ló ń pá yìí. Mo ti ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko.”

Dókítà náà dé, ọmọbìnrin tí òun àti àbíkẹ́yìn wọn jọ lọ ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó fọwọ́ tọ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Ó ti là yíká lókè, bí ọmọrí ìkòkò tó fẹ́ ṣí.

“Ẹ ǹlẹ́ sà. Kí lẹ̀ ń fún un jẹ?”

Inú Adájọ́ dùn sí ìbéèrè yìí. Àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn ti bi í títí. “Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré” ni ìdáhùn tó máa ń fún wọn, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde: àpò oúnjẹ olówó ńlá, agolo lẹ́búlẹ́bú tí ń mú irun dán, àti agolo kejì, ti pátákò, tó sáré rà nígbà tí pátákò bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Dókítà yí wọn wò, ó ń fìka tọ́ka sí orúkọ èròjà kan náà lára wọn. “Sẹlẹ́níọ̀mù. Sẹlẹ́níọ̀mù. Òun náà rèé níbí.”

“Ó dáa fún irun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Bíńtín ló dáa, sà. Èyí tó wà nínú àpò ti tó o. Tó bá ti pọ̀ jù, òun gan-an ló ń já irun, òun ló ń la pátákò. Ṣíbí inú agolo ńkọ́?”

“Ṣíbí ọmọ ìkókó! Ẹṣin mà rèé. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.”

Ọpẹ́ ni fún ẹṣin àwọn ẹlòmíràn pé Adájọ́ kò sọ àṣírí yìí fún àwọn olówó wọn.

“Òkúta iyọ̀ tó yẹ kó máa lá ńkọ́?”

“Mo yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Àwọn ayàwòrán ń bọ̀. Ó jọ ìṣẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ṣé yóò lè díje lọ́túnla?”

“Bàbá, ká máa bẹ̀bẹ̀ kó ṣáà lè dúró. Tí pátákò yẹn bá bọ́, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ló kù.”

Adájọ́ wo pátákò náà. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀: ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fáwọn tó dá lẹ́bi nìyẹn.

“Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn mi,” ó wí, bí ẹni tó ń pe ẹlẹ́rìí tó kù. “Láràárọ̀ ló ń lá àtẹ́lẹwọ́ mi, títí dórí ìka. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.”

Dókítà dìde. Ó mú òkúta iyọ̀ kan wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó tó ṣófo lára ògiri.

Adájọ́ na ọwọ́. Abo ẹṣin náà gbọ́ òórùn, ó tiro kọjá níwájú ọwọ́ náà, ó dé ìdí ògiri, ó sì ń lá òkúta náà, ó ń lá a, ojú rẹ̀ padé. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì ti jáde, Adájọ́ ṣì na ọwọ́ síbẹ̀. Ó gbé e wá sẹ́nu, ó fi ahọ́n kan àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Iyọ̀ ni.